Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Bú Ọmọ: Ohun Tó Dá Mi Dúró nínú My Hero Academia

Nígbà tí mo dárúkọ My Hero Academia níbí lọ́jọ́sí, àwọn kan nínú yín fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Prof, ṣé ìwé àwòrán ọmọdé lẹ wá ń kà báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo kà á, mo sì kà á tán. Ìjà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ló dá mi dúró.

Kohei Horikoshi ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwòrán rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Weekly Shonen Jump ní Jàpáánì ní oṣù keje ọdún 2014, ó sì parí níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn orí 430. Nínú ayé ìtàn náà, nǹkan bí èèyàn mẹ́rin nínú márùn-ún ló ní agbára àràmàǹdà tí wọ́n bí mọ́ wọn. Jíjẹ́ akọni wá di iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ, ilé-ìwé sì wà fún un. Ilé-ìwé yìí ni Izuku Midoriya fẹ́ lọ. Àmọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, dókítà wo àwòrán egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí oríkèé méjì nínú ọmọ ìka tó kéré jù, ó ní kó gbàgbé ẹ̀: kò lè ní agbára kankan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "agbára" yẹn. Àwọn tó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì pè é ní quirk. Kosei ni Horikoshi kọ, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sì ni lẹ́nu àwọn ará Jàpáánì: ohun tó mú kí ẹnìkan dá yàtọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí Táyé di Kẹ́hìndé. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, "àdámọ́" ni màá lò. Ẹni tí kò ní in ni wọ́n ń pè ní mukosei. Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dunni tó. Lójú ẹni tó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà kò ní ẹ̀bùn kan. Lédè Jàpáánì, ó tún lè dún bíi pé: kò sí nǹkan kan lára rẹ tó sọ ọ́ di ìwọ.

Ìnagijẹ rẹ̀ wá fi iyọ̀ sí egbò yìí. Àmì ìkọ̀wé méjì ni wọ́n fi kọ Izuku, àmì kan sì lè ní ju ìpè kan lọ lédè Jàpáánì. Katsuki Bakugo, tí wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò, ka àwọn àmì náà ní Deku. Ère onígi ni deku. Tí wọ́n bá pe èèyàn ní dekunobo, wọ́n ń sọ pé ó kàn dúró bí igi ni, kò wúlò fún nǹkan kan. Ọdún pípẹ́ ni ọmọ náà fi ń dáhùn sí i. Ìgbà tó yá ni Ochako Uraraka, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tuntun tí kò mọ ìtàn ẹ̀yìn, gbọ́ orúkọ náà, tó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, pé ó dún létí òun bí ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ó kúkú sún mọ́ra: dekiru ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn lè ṣe nǹkan. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú yan orúkọ akọni, Deku ni Izuku kọ sílẹ̀. Ìró kan kò kúrò níbẹ̀, ìkankan kò sì wọlé. Ẹnu tó pè é ló yí padà.

Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ orúkọ inú ìwé yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Yuei, orúkọ ilé-ìwé náà, ni eiyu, ìyẹn "akọni", tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Àmì "jó" àti àmì "dì" ni wọ́n fi kọ Shoto, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní iná tí ìyá rẹ̀ sì ní yìnyín. Fún ìgbà pípẹ́, ọmọ náà kò fẹ́ lo apá iná rárá, nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ fi ojú wọn rí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ má sì rò pé eré lásán ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Horikoshi sọ dókítà ìkà kan nínú ìtàn náà ní Maruta Shiga. Ìtì igi ni maruta. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ-ogun Jàpáánì tí wọ́n ń jẹ́ Unit 731 fi ń pe àwọn èèyàn tí wọ́n ń dán oríṣiríṣi ìkà wò lára wọn ní Ṣáínà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn òǹkàwé ní Ṣáínà àti Kòríà fárígá. Òǹkọ̀wé náà àti Shueisha, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yí orúkọ náà padà sí Kyudai Garaki. Ìwé tó gba ọmọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń pè é ní igi, òun náà ló tún kọsẹ̀ lára igi mìíràn. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó sọ̀rọ̀ kì í pa ìtàn tó wà lára ọ̀rọ̀ rẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí rèé. Ọdún kan wà tí mo ń kọ́ni nípa ohùn Yorùbá, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè ya ohùn òkè sọ́tọ̀ sí ohùn àárín lórí ìwé. Mo pè é ní "Olóhùn-kan". Kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi jáde. Àwàdà ni mo pè é nígbà náà. Kò sí Uraraka kankan nínú kíláàsì yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn Izuku, wọ́n sì ní ìdí. Kí All Might, akọni tó ga jù lọ, tó fún un ní agbára, ó ti kọ́kọ́ sáré lọ gba Bakugo sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fi orúkọ bú rí mọ ohun tí ìsáré yẹn túmọ̀ sí.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn bá ń ka èyí: jọ̀wọ́, má bínú. Mo mọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ sọ ọ́. Òun ló yẹ kí n máa pè.