Ariwo nìkan kò lè yí ìwà òṣìṣẹ́ tàbí oníbàárà padà

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti pariwo títí kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ ọjà tó bá tà sínú ìwé, síbẹ̀ tí kò rí i kọ. Owó á sì máa sọnù láìmọ ibi tó gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láwọn ọjà wa lọ́dún 2023 lè kọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ́gbọ́n.

Lọ́dún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín owó tí à ń ná lọ́wọ́ kù, Èkó sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé títí, àmọ́ láti Ifákọ̀ dé Kẹ́tù àti Máìlì 12, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ṣì ń gba owó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó dọ̀wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nítorí pípààrọ̀ náírà àtijọ́ sí tuntun, àwọn aláta pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sínú àkáǹtì.

Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ti ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. B.F. Skinner, ará Amẹ́ríkà, sọ pé ìwà tó bá mérè wá lèèyàn máa ń tún hù. Lákòókò yẹn, ẹni tó gba owó sínú àkáǹtì ló ń rí ọjà tà.

Albert Bandura kọ ọ́ lọ́dún 1977 pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbà pé apá òun ká nǹkan kó tó dáwọ́ lé e, àti pé rírí ẹni bíi tiẹ̀ tó ń ṣe é máa ń kì í láyà. Bí ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì bá lè ṣe é, kí ló kù?

James Prochaska àti Carlo DiClemente ní tiwọn ṣèwádìí lórí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá mímu. Lọ́dún 1983, wọ́n ṣàlàyé pé ìpele-ìpele ni àyípadà: èèyàn á kọ́kọ́ rò ó, á bẹ̀rẹ̀, á wá tẹra mọ́ ọn, ó sì lè padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Abájọ tí àwọn oníṣòwò kan fi padà sídìí owó ọwọ́ nígbà tó tún wà nílẹ̀, pàápàá àwọn tí àtẹ̀jíṣẹ́ èké pé owó ti wọlé ń bà lẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ mú kí iṣẹ́ náà rọrùn: ojú ìwé kan lójúmọ́ ti tó. Ẹ so ó mọ́ etí ìsọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe fi han èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá kọ ọ́, ẹ yìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ má lé e lọ, ẹ ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.