Bí àgbẹ̀ sóyà ṣe lè pa èpò láìpa owó ara rẹ̀

Owó alágbàṣe tó ń ro oko máa ń jẹ èrè àgbẹ̀ tó ń gbin sóyà fún títà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi gbára lé oògùn apakoríko. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà lè sọ àgbẹ̀ di onígbèsè bí kò bá mọ èyí tó yẹ kó rà àti ìgbà tó yẹ kó fín in.

Oògùn àgbàdo kọ́ ni oògùn sóyà. Atrazine kì í pa àgbàdo, ṣùgbọ́n ó máa ń pa sóyà. Kódà, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀ lè ṣàkóbá fún sóyà tí wọ́n bá gbìn tẹ̀ lé àgbàdo. Yàtọ̀ sí èyí, àjọ NAFDAC ti fòfin de Atrazine láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, bí wọ́n ṣe fòfin de Paraquat lọ́dún 2024.

Ìgbà mẹ́ta ló wà láti fín oògùn. Kí wọ́n tó gbìn, Glyphosate máa ń pa koríko tó ti hù. Bí wọ́n bá gbìn tán, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí sóyà tó yọjú, Pendimethalin tàbí Metolachlor ló kàn, lórí ilẹ̀ tó tutù. Bí sóyà bá ti hù, Fluazifop lè pa koríko eléwé tẹ́ẹ́rẹ́ láìpa sóyà, àmọ́ ọkọ́ ni wọ́n máa fi ro èpò eléwé gbòòrò. Sóyà tí wọ́n ń gbìn káàkiri níbí kò gba Glyphosate lára. Bó bá kàn án, ó kú nìyẹn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni èrè wà. Bí ewé sóyà bá ti bo ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ máa ń tẹ èpò mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe fi oògùn kan ṣoṣo ṣe é lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń gbin sóyà tí Glyphosate kì í pa, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì gbára lé oògùn náà nìkan. Nígbà tó di ọdún 2005, wọ́n rí ìbátan tẹ̀tẹ̀ kan nínú oko òwú ní ìpínlẹ̀ Georgia tí oògùn náà kò rí pa mọ́. Èpò yìí sì ti wọ oko sóyà níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀, kí ẹ ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì ra ìbọ̀wọ́ àti ìbomú mọ́ ọn. Ẹ ṣírò owó oògùn pẹ̀lú ìroko ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi wé owó alágbàṣe ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tó bá dín náwó ni kí ẹ mú.