Noble Johnson, Òṣèré Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni olórí òṣèré kan kò lè dá ṣe sinimá. Ọ̀tá gbọ́dọ̀ wà tí yóò bá a jà, ìránṣẹ́ tí yóò ru ẹrù rẹ̀, àti ọba ìlú àjèjì tí yóò gbà á ní àlejò. Àwọn wọ̀nyí ni òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òǹwòran mọ ojú wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ orúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Noble Johnson, ènìyàn dúdú ará Amẹ́ríkà.

A bí i ní ìlú Marshall, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní 1881, ó sì dàgbà ní Colorado Springs. Ó mọ ẹṣin í gùn, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó sì pupa ní àwọ̀. Ní ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sinimá kò ní ohùn, àwòrán rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Nítorí náà ó ṣòro fún òǹwòran láti mọ ìran tí òṣèré ti wá. Aṣọ àti ohun tí a fi kun ojú ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tí a fẹ́ kí ó jẹ́. Ní 1922, Johnson ṣe Friday, ìránṣẹ́ Robinson Crusoe. Ní 1924, ó ṣe ọmọ ọba Íńdíà nínú The Thief of Bagdad. Nígbà tí sinimá ti ní ohùn pàápàá, ó ṣe odi kan, ará Rọ́ṣíà, ènìyàn funfun, nínú The Most Dangerous Game ní 1932, ó sì ṣe olórí àwọn ará erékùṣù nínú King Kong ní 1933. Sinimá tí ó hàn nínú wọn lé ní 100.

Ṣùgbọ́n ní ayé náà, bí ènìyàn dúdú bá hàn nínú sinimá, bí òmùgọ̀ tàbí ọ̀daràn ni a sábà ń fi í hàn. Èyí kò tẹ́ Johnson lọ́rùn. Ní 1916, òun àti àwọn mìíràn dá Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ rẹ̀. George, àbúrò rẹ̀, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Omaha, ń bá wọn wá ilé sinimá tí yóò fi iṣẹ́ wọn hàn. Owó tí Johnson ń gbà nínú ipa kéékèèké ni ó fi ń gbé iṣẹ́ náà ró. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó jáde ní Tuskegee. Wọ́n kọ̀ láti gbà á síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboyà rẹ̀ mú kí wọ́n gbà á, níkẹyìn ó sì rí epo nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Universal, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń san owó fún un, kò fẹ́ kí ó máa hàn nínú sinimá Lincoln mọ́. Ní 1918 ó fi Lincoln sílẹ̀. Àwọn kan lè dá a lẹ́bi. Àwa kò dá a lẹ́bi. Ipa kékeré ni ó fún un ní owó tí ó fi la ọ̀nà, ipa kékeré náà ni ó sì dè é lọ́wọ́. Lincoln kò pẹ́ lẹ́yìn 1921 tí ó fi kógbá sílé.

Johnson kú ní 1978. Àwọn sinimá mẹ́ta tí ó ti jẹ́ olórí òṣèré fún Lincoln ti sọnù. Ṣùgbọ́n George pa ìwé àti lẹ́tà wọn mọ́, wọ́n sì wà ní ilé ìkàwé yunifásítì ìjọba California ní Los Angeles. Láti ara wọn ni a fi mọ̀ pé ẹni tí a rò pé ó kàn ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn ti fi ìgbà kan ṣíwájú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá tún jókòó wo sinimá, kí a má ṣe wo olórí òṣèré nìkan.