Emulsion Olómi: Bí Fọ́tò Ṣe Ń Jáde Lára Gíláàsì, Igi àti Aṣọ

Ẹni tó bá ti fọ fọ́tò dúdú-àti-funfun rí mọ bébà tí a fi ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ ló ti fi èròjà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kun ojú bébà náà kó tó dé ọjà. Irú èròjà yẹn ni wọ́n ń pè ní emulsion, wọ́n sì ń tà á ní olómi nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè fọ fọ́tò sára gíláàsì, pákó, òkúta, aṣọ, títí kan èèpo ẹyin. Iṣẹ́ ọwọ́ tó rẹwà ni. Àṣírí rẹ̀ kò ju kéèyàn mọ ìwà gelatin lọ, torí gelatin ló ń pinnu bóyá àwòrán á dúró tàbí á ṣí kúrò.

Ohun tó wà nínú ìgò

Ohun méjì ló ṣe kókó nínú emulsion: iyọ̀ fàdákà àti gelatin. Iyọ̀ fàdákà, pàápàá silver bromide, ni ìmọ́lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, fàdákà bíńtín á yọ lára hóró iyọ̀ náà, àmọ́ ojú kò lè rí i. Developer, èròjà olómi tí a ń ri fọ́tò sí, ló máa wá sọ gbogbo hóró tí ìmọ́lẹ̀ kàn di fàdákà dúdú. Fixer á yọ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn dànù, kí fọ́tò má baà dúdú tí a bá gbé e síta. Ní 1819 ni John Herschel ti rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní hypo lè yọ́ iyọ̀ fàdákà. Òun la ṣì ń fi ṣe fixer títí dòní.

Gelatin ni ilé tí àwọn hóró yìí ń gbé. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń rí i. Òun náà ló máa ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì nínú fíríìjì mọ́jú, tó sì máa ń yọ́ padà tí a bá gbé e kaná. Richard Leach Maddox, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dábàá ní 1871 pé kí wọ́n fi gelatin rọ́pò collodion, èròjà olómi tí wọ́n fi ń gbé iyọ̀ fàdákà tẹ́lẹ̀, tí òórùn ether inú rẹ̀ ń ba ìlera òun jẹ́. Collodion gbọ́dọ̀ wà ní tútù nígbà tí a bá ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ti gelatin ṣeé jẹ́ kó gbẹ, ó sì ṣeé tọ́jú. Ní 1878, Charles Bennett fi hàn pé tí emulsion bá pẹ́ nínú ooru kí wọ́n tó lò ó, ó máa ń yá sí ìmọ́lẹ̀ gan-an.

Mímúra ojú ohun tí a fẹ́ lò

Bébà tó nípọn, irú èyí tí àwọn olùyàwòrán ń fi ọ̀dà olómi kùn, kò nílò ìmúra kankan, torí gelatin á wọ inú fọ́nrán rẹ̀. Aṣọ ní tirẹ̀, ẹ fọ sítáàṣì kúrò lára rẹ̀. Igi, òkúta àti ìkòkò amọ̀ máa ń fa emulsion mu, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì polyurethane kùn wọ́n, kó sì gbẹ dáadáa.

Gíláàsì ló le jù, torí ojú rẹ̀ ń dán, gelatin kò rí ibi dì mú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi máa ṣàn pẹrẹsẹ lójú rẹ̀ láìkóra jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Lẹ́yìn náà, ẹ po gelatin lásán díẹ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ kán chrome alum díẹ̀ sí i, ẹ dà á sójú gíláàsì, kó gbẹ. Chrome alum á mú kí gelatin yìí le, emulsion á sì rí ìpìlẹ̀ dì mọ́.

Yíyọ́ àti kíkùn

Láti ibí lọ, iná pupa nìkan ló gbọ́dọ̀ tàn nínú yàrá òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni iyọ̀ fàdákà máa ń gbà jù, kì í mọ ti pupa lára.

Ẹ gbé ìgò náà láti inú fíríìjì sínú abọ́ omi gbígbóná tó tó 40 sí 45°C, fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ má mì ín, kó má baà hó. Ẹ da ìwọ̀nba tí ẹ máa lò sínú ife gíláàsì tàbí ti oníke. Irin àti bàbà kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí wọ́n máa ń ba iyọ̀ fàdákà jẹ́. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì tí kò ní irin lọ́rùn.

Lórí bébà, ẹ fà á lóròó, kí ẹ wá fà á níbùú. Gíláàsì kò fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ẹ fi ìka gbé e láti ìsàlẹ̀, kí ẹ da emulsion sí àárín rẹ̀. Ẹ rọra dẹ igun kan sílẹ̀ kó ṣàn débẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì àti ìkẹta. Ní igun ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí àṣẹ́kù ro padà sínú ife. Ẹ gbé e lé ibi tútù tó tẹ́jú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á dì, kò ní ṣàn mọ́ bí ẹ tilẹ̀ gbé e nàró. Ẹ wá fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, kí fáànù máa fẹ́ sí i mọ́jú.

Láti abẹ́ enlarger dé inú omi

Ẹ kun àjákù bébà tàbí gíláàsì mélòó kan mọ́ ọn fún ìdánwò. Emulsion ọwọ́ kì í sábà yá bíi bébà inú páálí, nítorí náà ẹ gbé wọn sábẹ́ enlarger, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú negative, kí ẹ dán ìṣẹ́jú àáyá 10, 20 àti 40 wò. Ọ̀pọ̀ irú emulsion yìí kì í gbọ́ ti fílítà tí a fi ń yí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun padà. Nítorí náà, negative tí ibi dúdú àti ibi mímọ́ rẹ̀ yàtọ̀ kedere ni kí ẹ yàn.

Developer bébà ni kí ẹ lò, ní nǹkan bíi 20°C. Ẹ má fọwọ́ kan ojú àwòrán, torí gelatin ti mu omi, ó ti rọ̀. Lẹ́yìn omi lásán, fixer ló kàn. Lára gíláàsì, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ kedere: ibi tí àwòrán kò sí á kọ́kọ́ funfun tí ojú kò ní lè rí òdìkejì, lẹ́yìn náà á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìka yín láti ẹ̀yìn gíláàsì. Iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó mọ́ tán, ẹ fún un ní irú rẹ̀ kan sí i. Ẹ wá fi omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Nínú omi tó ti gbóná díẹ̀ lọ́sàn-án, gelatin á wú, á hunjọ létí, á sì yọ̀ kúrò. Ẹ gbé abọ́ èròjà sínú abọ́ ńlá tí omi yìnyín wà nínú rẹ̀, ẹ ṣiṣẹ́ lóru, kí ẹ sì lo fixer tó ní alum, èyí tó ń mú gelatin le. Tí etí àwòrán bá ṣí, ìpìlẹ̀ ni kò dáa. Tí ibi tó yẹ kó funfun bá láwọ̀ eérú, ó lè jẹ́ pé emulsion ti pẹ́ jù, ó gbóná jù, tàbí ìmọ́lẹ̀ kan ń yọ́ wọlé. Potassium bromide díẹ̀ nínú developer lè dín in kù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi bébà tó nípọn bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ bí emulsion ṣe ń yọ́ àti bó ṣe ń dì, kó tó kọjá sórí gíláàsì. Kó má sì da fixer tó ti lò sẹ́bàá kànga tàbí sínú gọ́tà, torí fàdákà ti wà nínú rẹ̀.