Ìtàn Àràmàǹdà àti Ọwọ́ Ayàwòrán

Orúkọ Òkè Padre ní Ìbàdàn jẹ́ ẹ̀rí pé ohun àjèjì lè di tiwa. Ọ̀rọ̀ òkèèrè ni "padre", tí a fi ń pe àlùfáà ìjọ Àgùdà. Lónìí orúkọ àdúgbò ni. Bákan náà ni ìtàn ẹ̀rọ àti ti ọjọ́ iwájú ṣe lè di tiwa. Ọmọ tí ó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń yà á sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, bí àwọn òbí mìíràn ti ń rò.

Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kú sí Ìbàdàn ní 1997, kọ ìwé My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954. Nínú rẹ̀, iwin obìnrin kan ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tí ó sọnù sínú igbó wò ó, ó sì rí ìyá rẹ̀ nílé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1959, ni WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya iwin yìí ní ìpinnu láti ṣe. Ṣé dígí ni kí ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ náà, àbí kí ìlà ọwọ́ fúnra rẹ̀ máa tàn? Níbi ìpinnu yìí ni olólùfẹ́ ìtàn ti ń di oníṣẹ́ ọnà. Irú rẹ̀ ni Demas Nwoko ṣe nígbà tí ó ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1963, tí Bruce Onobrakpeya náà sì ṣe nígbà tí ó ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968.

Ní àkókò tiwa, Ziki Nelson, Tolú Olówófóyèkù àti Hamid Ibrahim, àwọn olólùfẹ́ ìwé alàwòrán, dá ilé iṣẹ́ Kugali sílẹ̀. Àwọn àti Disney ni wọ́n gbé Iwájú jáde ní 1924 + 100, èyíinì ni 2024: ìtàn Èkó ti ọjọ́ iwájú, níbi tí alángbá ẹlẹ́rọ ti ń ṣọ́ ọmọbìnrin kan. Bí ó bá jẹ́ pé akọni ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n ń yà, Èkó kì bá tí sí nínú rẹ̀.

Kò sí ẹ̀bi nínú àwòkọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń mọ iṣẹ́. Ewu rẹ̀ ni kí ọmọ dàgbà kí ó máa rò pé ọjọ́ iwájú kò ní dé àdúgbò òun. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni. Bí ọmọ Òkè Padre bá ya ọkọ̀ òfuurufú, kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe fà á ya. Kí ó bi í léèrè bóyá Mápó ni yóò balẹ̀ sí, tàbí Bẹẹrẹ, láàárín àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà.