Ta Ni Yóò Gba Kọ́kọ́rọ́? Ọ̀sẹ̀ Ìkẹyìn Àwọn Tọkọtaya Àgbàlagbà Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìjọ

Àwọn baba wa máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu àjò mọ̀ pé ọjọ́ tí ènìyàn ń di ẹrù láti padà sílé kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀ nìkan. Ó ní àwọn tí yóò fi sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ó sì ní ìbéèrè kan tí kì í jẹ́ kí ó sùn: nígbà tí mo bá lọ tán, ta ni yóò máa ṣe é?

Lónìí, a fẹ́ yẹ ìbéèrè yìí wò lára àwọn tọkọtaya àgbàlagbà tí Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn máa ń rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ènìyàn tún ń pe ìjọ náà ní Mọ́mọ́nì. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni olú-ìjọ rẹ̀ wà, ní ìlú Salt Lake City. Láti ọdún 2011 ni ó ti ní ibùdó iṣẹ́ ìhìnrere ní Kútọnù níbí. A kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó kan gbogbo ẹgbẹ́ àti gbogbo kíláàsì wa.

Àwọn wo ni wọ́n?

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Méjì méjì ni wọ́n máa ń rìn, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun àti orúkọ ní àyà. Ọmọkùnrin ọdún 18 láàárín wọn ń jẹ́ Alàgbà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn alàgbà gidi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí: ọkọ àti aya tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọn kò sì ní ọmọ tí wọ́n ṣì ń tọ́ nílé mọ́.

Owó ara wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà wọn. Àwọn kan ń lo oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn ń lo ọdún kan tàbí ọdún kan àtààbọ̀. Ó lè tó oṣù 23. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ti ojúlé dé ojúlé wàásù. Àwọn kan ń tọ́jú ìwé ìṣirò owó. Àwọn kan ń kọ́ àwọn olórí ẹ̀ka ìjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ń mójú tó ìlera àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé wọn. Ọmọ-ọmọ lè dé sáyé kí wọ́n má sí níbẹ̀ láti gbé e. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ lè kú kí wọ́n má lè sin ín. Ara tí kò le bíi ti àtijọ́ mọ́ ni wọ́n fi ń fara da oòrùn àti èdè àjèjì. Ẹni tí ó ṣe èyí ní ọjọ́ ogbó kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Nígbà tí ọjọ́ bá ku díẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ọkàn máa ń di méjì. Ọkàn kan ti wà nílé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ọkàn kejì ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jẹ, tí wọ́n jọ mu. Àwọn ènìyàn ń wá kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n ń pín ìkòkò, ìbùsùn àti fáànù tí wọn kò lè gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí kò ṣeé pín báyìí. Ìmọ̀ ni. Ta ni ó mọ ilé opó tí ó yẹ kí a máa bẹ̀ wò? Ta ni ó mọ bí a ṣe ń kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde? Ta ni ó mọ orúkọ àwọn ọmọdé tí kò wá sí ìpàdé mọ́? Bí ó bá jẹ́ pé orí àlejò nìkan ni gbogbo èyí wà, yóò bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Àpẹẹrẹ ọdún 1978

Ìtàn kan wà tí ó fi èyí hàn dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin kan wà nínú ìjọ yìí tí kò gba àwọn ọkùnrin ìran aláwọ̀ dúdú láyè láti gba oyè àlùfáà. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà àti ní Gánà ti gbọ́ nípa ìjọ náà, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City pé kí a rán ènìyàn wá sọ́dọ̀ àwọn. Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà lára wọn ní ilẹ̀ Ìgbò, tí ń jẹ́ Anthony Obinna. Ó ti rí àwòrán tẹ́ḿpìlì ìjọ náà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Ó kọ̀wé, wọn kò rán ẹnikẹ́ni. Ó dúró.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ náà pa òfin yẹn rẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, tọkọtaya méjì dé sí Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà: Rendell Mabey àti aya rẹ̀ Rachel, pẹ̀lú Edwin Cannon àti aya rẹ̀ Janath. Wọn kì í ṣe ọ̀dọ́. Mabey ti ṣe agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ní ìpínlẹ̀ Utah. Janath Cannon ti wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ náà ní gbogbo àgbáyé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, wọ́n ri ènìyàn 19 bọmi nínú odò kan ní agbègbè Obinna. Obinna ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ fetí sí ohun tí ó tẹ̀ lé e: ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Obinna ṣe olórí ẹ̀ka ìjọ tuntun náà. Àwọn arákùnrin rẹ̀ di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, aya rẹ̀ Fidelia sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Àwọn àlejò kò jókòó sórí àga náà kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ará ibẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Salt Lake City.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Gánà. Joseph William Billy Johnson ti kó àwọn onígbàgbọ́ jọ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí àlejò kankan tó dé. Bí wọ́n ṣe ṣe ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣe níbẹ̀ náà.

Ọdún kan ni tọkọtaya méjèèjì lò. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wọn dé ní ọdún 1979, ìjọ náà ti ní ju ènìyàn 1,700 lọ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, nínú ẹ̀ka 35. Ẹ wo iye yìí dáadáa. Ènìyàn mẹ́rin kò lè máa darí ẹ̀ka 35. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń darí rẹ̀. Tọkọtaya mìíràn wá tẹ̀ síwájú níbi tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ti wà lọ́wọ́ onílé.

Nígbà tí kò sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Ìdánwò dé lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1989, ìjọba Gánà fi òfin de ìjọ náà, ó sì ní kí àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti òkèèrè wá kúrò. Kò sí àkókò láti pín ẹrù tàbí láti dá gbére. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ilé ìjọsìn.

Ní nǹkan bí oṣù 17, àwọn ọmọ ìjọ ń jọ́sìn nínú ilé ara wọn, ìdílé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òrùlé tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú òfin náà ká ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, ìjọ náà kò tíì tú ká. Ní ọdún 2004, wọ́n ṣí tẹ́ḿpìlì kan ní Àkàrà, olú-ìlú Gánà. Ní ọdún 2005, wọ́n ṣí òmíràn ní Aba, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ká ní àlejò nìkan ni ó mọ bí a ṣe ń ṣe é ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí ní ọjọ́ tí àlejò lọ.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ bẹ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kan wò ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Mo bá pátákó nínú eruku. Àwọn adìyẹ ń sùn lórí àga. Olùkọ́ ti lọ nígbà tí owó iṣẹ́ náà parí, ó sì ti kó ìwé orúkọ àti ìwé ìròyìn kíláàsì lọ sí ìlú. Ìyá kan tí ó ń yan gàrí sọ fún mi pé: «Ọmọ mi, olùkọ́ wa lọ, ó sì kó wa sínú àpò rẹ̀ lọ.» Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. N kò lè dá ìyá lóhùn, nítorí àwa tí a rán olùkọ́ náà kò sọ fún un pé kí ó fi ohunkóhun sílẹ̀.

Ní abúlé mìíràn, ní apá Ṣábẹ, mo rí ohun tí ó yàtọ̀. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí olùkọ́ lọ, ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Obìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ ọjọ́ sórí pátákó, tí ó ń pe orúkọ. Ó ṣàṣìṣe, olùkọ́ sì tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ ní ọdún kejì, obìnrin náà ṣì ń pe orúkọ.

Ohun tí a lè ṣe

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ìbáà ṣe akápò, akọ̀wé tàbí olùkọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìkẹyìn.

Èkíní, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò lọ fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè múra sílẹ̀.

Èkejì, kí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣì wà nílé. Àṣìṣe tí a ṣe lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì í pẹ́ ṣe àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀: orúkọ, owó, gbèsè, ìlérí. Kí ìwé náà wà ní èdè tí àwọn tí ó kù lè kà.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n gba ìwé àti kọ́kọ́rọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Iṣẹ́ tí a kò kọ́ ẹlòmíràn náà kì í pẹ́ wó.

Nígbà tí tọkọtaya àgbàlagbà wọ̀nyí bá dé ilé wọn, olórí ìjọ ibẹ̀ ni yóò sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ti parí. Wọn yóò sọ ohun tí ojú wọn rí fún àwọn ará. Lẹ́yìn náà, wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, wọn yóò sì gbé ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì rí rí. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ní òkèèrè, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn yóò ti kọ́kọ́ dé ibi ìpàdé. Yóò mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò rẹ̀, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn.