Tábà àti Ọtí Pípọn Nílé: Ewu tí ó Fara Sin sínú Fàájì Ìrọ̀lẹ́

Bí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè Udi, tí atẹ́gùn tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ inú ìlú Enugu, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn tán ni wọ́n máa ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí láti tura. Ẹmu tàbí bíà yóò wà lórí tábìlì. Ìgò kékeré tí aṣáà wà nínú rẹ̀ yóò máa ti ọwọ́ àgbà kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn, ó lè jẹ́ cigar ni wọn yóò tanná sí, ìyẹn sìgá gbọọrọ tí wọ́n fi odindi ewé tábà wé. Ọ̀rọ̀ yóò máa lọ, ẹ̀rín yóò máa sọ, àárẹ̀ ọjọ́ náà yóò sì dà bí ẹni pé ó ti kúrò lára.

Kì í ṣe Enugu nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kí ènìyàn má sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ méjì tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tí wọ́n fẹ́ràn irú fàájì yìí. Èkíní ni pé, "Èmi kì í fa èéfín sínú." Èkejì ni pé, "Ọtí tí a fọwọ́ ara wa pọn ni, kò ní kẹ́míkà nínú." Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ó ń fi ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìlera kò ti èyíkéyìí nínú wọn lẹ́yìn.

Àṣà tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Láàárín àwọn Ìgbò, obì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, aṣáà sì jẹ́ ohun tí àgbà fi ń yẹ́ àgbà sí. Ẹmu kì í wọ́n níbi ìgbéyàwó wọn. Àwa Yorùbá náà mọ ẹmu, a mọ ògùrọ̀, a sì mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo pọn. Ní Òkè Ọya, ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn bùrùkùtù àti pìtò. Tábà ni àlejò láàárín wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọtí tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà wà ní Ama, nítòsí 9th Mile, tí kò jìnnà sí ìlú Enugu. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe bíà wọlé láti òkè òkun ní ọdún 1988, àgbàdo àti ọkà bàbà ilẹ̀ wa ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yíjú sí. Èyí fi hàn pé ohun tí bíà inú ìgò àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ inú agbè fi jọ ara wọn pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ohun tí ń pani nínú ọ̀kan náà ni ó ń pani nínú èkejì.

"Èmi kì í fa èéfín sínú"

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ń mu cigar kì í fa èéfín rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń mu sìgá ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá ewé tábà cigar, tí wọ́n sì ń gbà tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ń mú kí èéfín rẹ̀ ní ìwà bíi ti omi eérú tàbí ti káún. Bí èéfín bá rí bẹ́ẹ̀, èròjà nicotine tí ó wà nínú rẹ̀ kò nílò ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹnu ni yóò gbà kọjá. Nítorí náà, ẹni tí kò fa èéfín sínú kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn mìíràn ni ó ṣí sílẹ̀.

Ìwọ̀n tábà náà kò kéré. Tábà inú ẹyọ sìgá kan kì í sábà pé gíráàmù 1, ṣùgbọ́n ẹyọ cigar ńlá kan lè ní tábà tí ó tó ti odindi páálí sìgá kan. Ó sì lè gba ènìyàn ju wákàtí kan lọ kí ó tó mu ún tán. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn èròjà olóró inú èéfín náà ń bẹ lórí ètè, lórí ahọ́n àti ní ọ̀nà ọ̀fun. Ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jókòó ti ẹni náà sì ń mí in símú.

Bí aṣáà náà ti rí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èéfín rárá. Àwọn tí ń lọ̀ ọ́ máa ń fi káún sí i. Káún yìí ni ó ń tú nicotine sílẹ̀ kúrò lára tábà, tí ó fi ń yára wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí láti ẹnu. Àjọ IARC, tí í ṣe ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tábà tí a kò tanná sí pàápàá ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà oúnjẹ.

"Kò ní kẹ́míkà nínú"

Ọ̀rọ̀ ọtí pípọn nílé gba àlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwúkàrà ni ó ń sọ ṣúgà inú ẹmu tàbí inú ọkà di ọtí. Ìwúkàrà yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé iṣẹ́ ńlá àti ẹ̀yìnkùlé. Ọtí tí ó ń mú jáde, ọ̀kan náà ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ ní tí onílé kò ní ni ìwọ̀n. Wọ́n kọ agbára ọtí sára ìgò bíà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sára agbè. Ẹmu tí ó dùn létí ọ̀pẹ ní àárọ̀ yóò ti le kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí láti ìgbà tí adẹ́mu ti gbé e sọ̀ ni ó ti ń kan. Ẹni tí ó mu ife mẹ́ta ní ọ̀sán àti ẹni tí ó mu ife mẹ́ta ní alẹ́ kò mu ohun kan náà.

Èkejì ni ọkà tí a fi pọn ọn. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí ó ti bu lè ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin nínú. Sísè kò lè pa á run tán. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà sì ni ọtí fúnra rẹ̀ ń ṣe ní ibi. Ewu náà tún pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B.

Ẹ̀kẹta ni ọtí sísè bí ògógóró. Bíà, ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a kàn pọn kì í sábà ní èròjà methanol tí ó pọ̀ débi tí yóò pani. Ìgbà tí ènìyàn bá dáná sí ọtí láti gba oje rẹ̀ tí ó le, tàbí tí oníṣòwò kan bá bu àbùlà sí i, ni ewu methanol ń wọlé. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò ní agbègbè Irele ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn náà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Orí fífọ́, èébì àti ojú tí ń ṣe bàìbàì jẹ́ àmì rẹ̀, wọ́n sì lè má hàn títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lo àgbo tàbí kí ó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí méjèèjì bá pàdé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù lọ ni ìgbà tí tábà àti ọtí bá jókòó sórí tábìlì kan náà. Láti ọdún 1988 ni àjọ IARC ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Tábà náà wà nínú àwọn wọ̀nyí. Bí méjèèjì bá pàdé, ewu wọn kì í ṣe àròpọ̀, ìlọ́po ni. Ọtí ń mú kí awọ inú ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun rọ̀, kí oró inú tábà lè ráàyè wọlé. Nígbà tí ọtí fúnra rẹ̀ bá sì dà nínú ara, oró mìíràn ni ó ń dì, èyí tí ń ṣe ìpalára fún àwọn ohun tín-tìn-tín tí ara wa fi ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, wọ́n rí i pé ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun fún àwọn tí ń mu páálí sìgá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń mu ju ife ọtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, ju ìlọ́po 35 lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kì í mu èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń mu tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ṣé lóòótọ́ ni ara ń tura?

Àwọn kan yóò béèrè pé, bí ó bá burú tó bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ara fi ń fúyẹ́? Nicotine kì í mú ara tura. Ó ń mú kí ọkàn yára lù, ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí ó bá ti mọ́ ènìyàn lára, àìrí i fún wákàtí díẹ̀ yóò mú kí ara onítọ̀hún máa ta, kí inú rẹ̀ má dùn. Bí ó bá tún wá rí tábà fà, ara yóò rọlẹ̀, yóò sì rò pé tábà ni ó tu òun lára. Ìnira tí tábà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó padà wá mú kúrò fún ìgbà díẹ̀.

Ọtí ní tirẹ̀ a máa múni sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun náà kì í pé, kì í sì í jinlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà, nicotine lè bo àárẹ̀ tí ọtí ń mú wá mọ́lẹ̀, kí ènìyàn rò pé ojú òun ṣì dá, kí ó sì wọ mọ́tò. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà Milken Hill, tí ó kọ́rọkọ̀rọ láti orí òkè wọ Enugu, yóò mọ ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè fà.

Fíìmù àti òfin

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò kọ́ cigar lọ́dọ̀ bàbá wọn. Inú fíìmù ni wọ́n ti rí i, níbi tí ọlọ́rọ̀ ti máa ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tí cigar wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ife ọtí wà lọ́wọ́ òsì. Enugu wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ní ìlú yìí kan náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ni ọ̀gá àgbà àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà, Dókítà Shaibu Husseini, ti kéde ìlànà tuntun tí ó lòdì sí fífi tábà ṣe ẹ̀ṣọ́ nínú fíìmù àti nínú fídíò orin.

Kí ó tó di ìgbà náà, òfin ìdarí tábà ti wà láti ọdún 2015. Òfin náà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò fàyè gba títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ka fífa tábà léèwọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ èrò, ní ilé oúnjẹ àti ní ilé ọtí.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ má ṣe sọ ìsinmi nù. Ẹ yọ tábà kúrò nínú rẹ̀ ni. Ìtàn, ayò títa, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ àti ẹgbẹ́ rere ni ó ń tu ènìyàn lára, kò sì sí èyí tí ó nílò iná nínú wọn. Kò pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni láti jáwọ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú tí ènìyàn bá ti pa tábà tì, ìlù ọkàn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì ti ẹni tí ó ṣì ń fà á.

Ní ti ọtí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Ẹni tí kò bá mu ún, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò bá mu, kí ó mu díẹ̀, kí ó jẹun kí ó tó mu, kí ó má sì ṣe wa mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pọn ọtí nílé gbọdọ̀ ṣa ọkà tí ó ti bu kúrò, kí ó fọ ohun èlò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ó má ṣe dé ìgò pa nígbà tí ọtí ṣì ń hó, nítorí ìgò lè bú gbàmù, kí ó má sì ṣe dáwọ́ lé ọtí sísè. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí tàbí aṣáà.

Lákòótán, ẹ máa yẹ ẹnu yín wò. Egbò inú ẹnu tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbààwọ́n funfun tàbí pupa lórí ahọ́n tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn tí ó há fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ tí ó ṣòro láti gbé mì, tàbí kókó ní ọrùn, kò sí èyí tí ó yẹ kí a máa fi oògùn ìta ọjà wò. Ẹ lọ rí dókítà. Jẹjẹrẹ tí a bá tètè rí ni ó rọrùn láti wò. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rẹ́ kan tí ẹ jọ ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, tí ohùn rẹ̀ ti há láti ìgbà díẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ mú un lọ.